Funfun Ara Máńgòrò Yẹn Kì í Ṣe Ṣúgà

Akofojulẹ̀,
lásìkò òjò

Rósà, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn gun òkè,

Bí mi ò bá béèrè àlàáfíà rẹ kí n tó wọnú ọ̀rọ̀, má sọ pé ọjọ́ ogbó ti jẹ́ kí n gbàgbé ìwà. Mo ti béèrè rẹ̀ lórí fóònù títí ó fi sú mi. Bí mo bá kí ọ, wàá dáhùn. Bí mo bá kí ọkọ rẹ, wàá dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu kan máńgòrò báyìí, o ó ní rẹ́sóò tó ń gbé ohùn wa ti bàjẹ́, fóònù á sì kú. Rẹ́sóò wo ló máa ń mọ ìgbà tí ìyá èèyàn fẹ́ sọ òtítọ́? Ìwé kò ní rẹ́sóò. O lè fà á ya, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́: o ó kà á tán kí o tó fà á ya. Láti kékeré lo ti rí bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe olórí ẹgbẹ́ àwa obìnrin tí ń sá máńgòrò ní Tré. Ìwọ kọ́ lo sọ fún mi. Ìyá Bẹ́núà, aládùúgbò mi tó ń bá yín gé máńgòrò, ló sọ ọ́ nídìí pọ́ǹpù, níbi tí a ti ń dúró de omi. O kú oríire. Mo bá ọ yọ̀ níwọ̀n tí inú mi lè yọ̀ dé, ìwọ̀n náà kò sì pọ̀.

Obìnrin yìí kan náà ló tún sọ èyí tó jẹ́ kí n mú gègé. Ó ní òjò ti tún gba ojú páànù tó ya wọ ilé ìkẹ́rù yín, ó sì ti kan àwọn àpò tí ẹ kó pamọ́ de àwọn èrò tí ń wá gbàdúrà ní Arigbo. Ó ní nígbà tí wọ́n tú àpò, funfun ti yọ lára máńgòrò. Mo bi í pé kí ni ẹ wá fẹ́ ṣe sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Rósà, ẹ má mikàn. A ó ṣe é bíi ti èṣí. Rósà mọ bí a ti ń ṣe é."

Mo gbé garawa mi òfìfo, mo padà sílé. Gbólóhùn yẹn ni mo ń fèsì sí.

Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ fún ọ, bí ìyá ti máa ń ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe tuntun sí ọ, mo mọ̀. Gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni wọ́n ní yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èmi kọ́ ọ o, Rósà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò kọ́ ọ.

Èkíní: má fi ojú ìta gbẹ́kẹ̀ lé nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bàbá yín, mo fẹ́ kí àwọn ará ilé ọkọ mọ̀ pé ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n fẹ́. Mo lọ sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, níbi tí gbogbo wa ti ń sá iṣu èlùbọ́, mo gbá a, mo gé máńgòrò nípọn nípọn, mo sì tẹ́ ẹ síbẹ̀. Àpáta Ìdáàṣà gbóná, ìwọ náà mọ̀. Lọ́sàn-án gangan o ò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ojú máńgòrò mi ti gbẹ bí awọ. Ìyá ọkọ mi yìn mí lójú gbogbo ilé. Mo kó o sínú agbọ̀n, mo dé e. Nígbà tí a ó fi ṣí agbọ̀n náà, òórùn ọtí ló kọ́kọ́ pàdé wa. Àpáta ti se ẹ̀yìn rẹ̀, oòrùn ti se ojú rẹ̀, omi sì jókòó sí àárín, ó ń ṣe tirẹ̀. Mi ò tíì wá sọ ti ewúrẹ́ tó ń sùn sórí àpáta kan náà, tó ń yàgbẹ́ síbẹ̀, tí àwa á wá fi ìgbálẹ̀ gbá a, tí a ó ní ó ti mọ́.

Nítorí náà, gé e tẹ́ẹ́rẹ́. Gbé e sórí àtẹ tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí o sì fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin. Mú ẹyọ kan, fà á ya láàárín, fún un dáadáa: bí ọwọ́ rẹ bá rin, kò tíì gbẹ, ohun yòówù kí ojú rẹ̀ máa sọ. Mo sì ní kí o fi ọgbọ́n yìí kan náà wo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún ọ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Èkejì jẹ́ ti ọwọ́. Mo ti gé máńgòrò tó já bọ́ sílẹ̀, tó fọ́, tí kòkòrò ti wọ̀, tí mo ní ṣebí mo gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Ìwà ahun ló fà á. Mo ti fi ọ̀bẹ gé èyí tó jẹrà, tí mo sì fi gé èyí tó dáa tẹ̀lé e láìfọ̀ ọ́. Mo ti nu ìdí ọmọ, mo nu ọwọ́ sára ìró, mo padà sídìí àtẹ. Kí o má baà rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni mò ń sọ, ìwọ ni ọmọ náà.

Yan máńgòrò kí o tó fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́ kí o tó gé e. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ kán jáfẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sí i, oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ aṣọ funfun, bí àwọn tó wá kọ́ ẹgbẹ́ níṣẹ́ ṣe wọ̀n ọ́n fún yín, kì í ṣe bí ó bá ti wu ọwọ́, kí ẹ sì fi omi mímu ṣàn án. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, tàbí tí egbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sinmi nílé títí ara rẹ̀ á fi yá. Àwọn obìnrin yóò ní o ń gbéraga sí wọn. Jẹ́ kí wọ́n wí. Oòrùn ń gbẹ nǹkan ni, kì í fọ nǹkan.

Ẹ̀kẹta, má kánjú di nǹkan. Mo ti di máńgòrò sínú sàsẹ́, àpò ọ̀rá kékeré tí a fi ń tà á, nígbà tí ó ṣì gbóná láti ojú oòrùn, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Sàsẹ́ làágùn nínú, omi kán padà sórí èso, kò sì pẹ́ tó fi hùkàsì. Jẹ́ kí ó tutù. Dà á sínú bókítì onídèérí fún ọjọ́ mélòó kan, kí o máa gbọ̀n ọ́n. Bí inú bókítì bá làágùn, dá a padà sórí àtẹ. Má da iṣẹ́ òní pọ̀ mọ́ ti àná, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, o ó mọ ibi tí ó bàjẹ́ dé. Bí o bá sì di í tán, gbé e sórí pákó níbi tó gbẹ, tó sì tutù. Má gbé e sórí àjà ìdáná bí mo ti ń ṣe láyé ọjọ́sí. Òótọ́ ni pé èéfín ń lé kòkòrò, ṣùgbọ́n ooru ìkòkò ọbẹ̀ ń gòkè lọ bá a lójoojúmọ́. Má sì gbé e sábẹ́ páànù tó ya. Láti èṣí ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ páànù yẹn. Ẹ kun iwájú ilé ní ọ̀dà, ó ń dán, ẹ wá fi òrùlé sílẹ̀ fún òjò.

Mi ò ní pe èyí tó kù ní ẹ̀kẹrin, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀.

O mọ bí a ṣe ń ṣe èlùbọ́ nílé wa. Bí òjò bá bá iṣu gbígbẹ, ebu á bò ó, irun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára oúnjẹ. A ó fi ìgbálẹ̀ kékeré gbọ̀n ọ́n kúrò, a ó tún un sá, a ó gún un, a ó rò ó, a ó jẹ ẹ́. Ìyá mi ṣe é, ìyá rẹ̀ náà ṣe é. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí sá máńgòrò, ọ̀nà yẹn náà ni a tọ̀. Èmi ni mo tiẹ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ kún un: a ó rẹ aṣọ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, a ó fi nu máńgòrò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á sì máa dán bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni a gé e. Lọ́wọ́ mi ni gbogbo ẹgbẹ́ ti kọ́ ọ. Mo fi ṣe fáàrí nígbà náà.

Ta ló ní kí n jáwọ́? Ìwọ ni. O wálé fún ọlidé láti ilé ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Paraku, o bá mi níbi tí mo ti ń nu máńgòrò nínú ilé ìdáná. O gba aṣọ lọ́wọ́ mi. O jókòó tì mí, o sì fara balẹ̀ ṣàlàyé, o ò pariwo, o ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. O ní, "Màmá, òdòdó rẹ̀ lẹ ń rí yìí. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú. Ẹ lè nu òdòdó kúrò, oró tó ti sà sínú rẹ̀ kò ní jáde."

Mo bi ọ́ bóyá oòrùn á pa á. O ní oòrùn lè pa ebu, ṣùgbọ́n kò pa oró. Mo bi ọ́ bóyá iná á pa á. O ní sísè kò ká a. O ní kì í ṣe gbogbo ebu ló ní oró, ṣùgbọ́n kò sí ojú ọmọ èèyàn tó lè mọ èyí tó ní in. O ní kì í pa èèyàn lọ́jọ́ tó jẹ ẹ́, pé ẹ̀dọ̀ ló máa ń lọ bá, díẹ̀díẹ̀, lọ́dún dé ọdún, àti pé ara àwọn ọmọdé kì í lè gbà á rárá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo gbà ọ́ gbọ́, Rósà. Mo ju aṣọ yẹn sínú iná lójú rẹ, inú mi sì dùn pé owó ilé ìwé tí bàbá yín san kò ṣòfò.

Bàbá yín. Nílé tiwa, èyí tó dára ni a ń tà, èyí tó bàjẹ́ ni a ń jẹ. Ẹ̀pà tó ti dúdú, àgbàdo tó ti hùkàsì, máńgòrò tí a nù títí tí kò dán, ilé ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Bàbá yín ló máa ń jẹ ẹ́ jù, kí ẹ̀yin ọmọ lè rí ti gidi jẹ. A máa rẹ máńgòrò yẹn sínú sódábì, ọtí líle tí a fi ẹmu ṣe, a ní ó ń jẹ́ kí ọtí náà dùn. Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ wú, ara rẹ̀ gbẹ, ẹyinjú rẹ̀ sì yí padà di àwọ̀ máńgòrò. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ ni. Mo bi í pé kí ló fà á, ó ní ohun tó lè fà á pọ̀: àrùn inú ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, oúnjẹ tó ti hùkàsì náà wà níbẹ̀. Mi ò lè búra pé máńgòrò ni. Ìwọ náà ò lè búra pé òun kọ́. Àwa méjèèjì la jọ dúró létí sàréè.

Ìdí nìyẹn, nígbà tí òjò èṣí kan àwọn àpò tí a sì bá funfun lára máńgòrò, tí mo fi rò pé ìwọ ni o ó kọ́kọ́ dìde. Ìwọ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà. O jókòó. Èmi wá dìde, mo ní kí a da gbogbo rẹ̀ nù. Mo mọ̀ pé ó dun àwọn obìnrin. Mo bá wọn gé e, apá ro mí bí ó ti ro wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní owó ilé ìwé ọmọ òun wà nínú àpò yẹn, òótọ́ ló sì sọ. Gbogbo wọn yíjú sí ọ, torí ìwọ lo kàwé. O mú ẹyọ kan, o gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, o fi Faransé sọ pé ṣúgà ni, pé ṣúgà inú máńgòrò ló yọ síta. O wá túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Faransé. O tún fi ọ̀kan lé e tí ẹnikẹ́ni kò bi ọ́. O ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí Màmá. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo rí orí tó wọ́, wọ́n ní ojú mi ni kò dára. Ẹyin lohùn, ọmọ mi. Tèmi fọ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì rí i kó jọ. Láti ìgbà náà mi ò tún dé ilé ìsámáńgòrò yẹn mọ́, o ò sì wá bi mí pé kí ló dé.

Òótọ́ ni pé ṣúgà máa ń yọ lára máńgòrò. Ohun tó jẹ́ kí irọ́ rẹ dùn ún gbọ́ nìyẹn, o kó òótọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, ìwọ náà lo kọ́ mi. Fi ìka tútù kan ṣúgà, á yọ́. Kò ní irun, kò sì ní òórùn. Èyí tó wà nínú àpò yẹn ní irun, ó ní àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, ó sì ń rùn bí aṣọ tí a ká pamọ́ láìgbẹ. Mo rí i bí imú rẹ ṣe kó jọ nígbà tí o gbé e sókè.

Mo mọ ìdí tí o fi ṣe é. O kì í ṣe ìkà. Ojú àwọn obìnrin yẹn lo bẹ̀rù, ó sì rọrùn láti bẹ̀rù ẹni tó jókòó síwájú wa ju ẹni tí a ò ní rí mọ́ lọ. Ẹni tí a ò ní rí mọ́ ni ẹ tà á fún. Ẹ kó ọsàn wẹ́wẹ́ àti aṣọ jáde, ẹ fi ọ̀nà tèmi nù ún, ọ̀nà tí ìwọ gan-an ní kí n jáwọ́ nínú rẹ̀, ẹ tún un sá, ẹ dì í, ẹ gbé e lọ sí Arigbo.

Ta ni èrò Arigbo, Rósà? Kì í ṣe ará ọjà wa. Ó ti Kútọnu wá, ó ti Lómé wá, ó ti Nàìjíríà wá. Ó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá wá síwájú Ìyá Olúwa, ó kúnlẹ̀ lórí òkúta, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ òun yè. Ó dìde, ebi ń pa ọmọ náà, ó ra sàsẹ́ kan lọ́wọ́ wa. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó lọ. Bí inú bá run ọmọ yẹn lọ́nà, bí oró bá wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní padà wá bá wa jà. Ohun tí ẹ gbára lé nìyẹn. Ìyá Bẹ́núà sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń kọ́ mi lọ́gbọ́n, ó ní èrò ni wọ́n, wọ́n á lọ.

Èmi náà wà ní Arigbo lọ́jọ́ tí ẹ ń tà á. Mo lọ gbàdúrà, mo sì gba ẹ̀yìn àtẹ yín kọjá nígbà tí mò ń bọ̀. O ò rí mi. Mọnikà, ọmọ rẹ, ti na ọwọ́ sínú abọ́, ó ti mú ẹyọ kan, ó ti gbé e sẹ́nu. O fò dìde bí ẹni tí ejò fẹ́ ṣán, o fi ìka yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀, o sì fi omi fọ ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà o nu ọwọ́, o yíjú sí obìnrin kan tó gbé ọmọ dání, o rẹ́rìn-ín sí i, o sì tà fún un.

Mo ń lọ sílé nígbà yẹn, mo sì ń sunkún lójú ọ̀nà. Àwọn èèyàn rò pé àdúrà ló wọ̀ mí lára.

Ìwọ̀nba ọjọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Àlájà Sàlámátù gun ọ̀kadà zémíjàn wá sílé mi, ìyẹn obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọjà Ìdáàṣà, tó ti ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tipẹ́. Ó gbé káátọ́ọ̀nù kan sórí itan, ó fi ìbòrí bò ó. Ó kí mi, ó mu omi, ó béèrè ara àwọn ọmọ, kó tó ṣí i. Sàsẹ́ wa ló kún inú rẹ̀, ebu sì ti kún inú àwọn sàsẹ́ náà, lẹ́yìn gbogbo nínù. Mo ní ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ní Tré ló yẹ kó gbé e lọ. Ó ní, "Ìyá Rósà, orúkọ yín ni mo rí lára rẹ̀. Ni mo ṣe ní kí n gbé e wá fún yín ní kọ̀rọ̀, kí ojú má baà tì yín lọ́jà."

Kò gbé ohùn sókè rárá. Ì bá bú mi, ìbá sàn fún mi. Mùsùlùmí tí kì í lọ sí Arigbo ló kọ̀ láti tà á, òun ló ro ti àwọn èrò Arigbo ju àwa tí a ń kọrin lọ́nà ibẹ̀ lọ. Nígbà tó lọ tán, mo gbẹ́ ilẹ̀ jìn lẹ́yìn ilé, mo sì sin gbogbo rẹ̀ kí adìyẹ má baà rí i jẹ.

Òótọ́ ló sọ nípa orúkọ. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, abẹ́ igi máńgòrò mi ni a ti gé àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ sì ní kí wọ́n kọ orúkọ mi sára etikẹ́ẹ̀tì, ìwé pélébé tí a ń lẹ̀ mọ́ sàsẹ́: Máńgòrò Ìyá Rósà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri yàrá mi. Ó ṣì wà níbẹ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín nígbà tí mi ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè fún yín. Ẹ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́, ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀ síbẹ̀ kó máa bá yín tajà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí, ìwọ olórí ẹgbẹ́. Lọ sílé ìkẹ́rù yẹn fúnra rẹ. Àpò tí omi ti wọ̀, má ní o fẹ́ ṣa èyí tó dáa kúrò nínú èyí tó bàjẹ́. Aládùúgbò ni gbogbo wọn, èyí tí ojú kò rí nǹkan lára rẹ̀ lónìí ń dúró de ọ̀la. Má fi fún ẹlẹ́dẹ̀ jẹ, má fi fún adìyẹ, torí àwa náà la ó jẹ ẹran wọn. Má jẹ́ kí obìnrin kankan gbé e lọ sílé fún ọkọ tàbí ọmọ. Gbẹ́ ilẹ̀, sin ín. Tún páànù ṣe. Èyí tí òjò kò kàn, mú díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ oúnjẹ wò ní Kútọnu, kí o tó tà á fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, pe àwọn obìnrin jọ. Sọ fún wọn pé ti èṣí kì í ṣe ṣúgà. Èdè tiwa ni kí o fi sọ ọ́, má gbé e gba Faransé. Wọn á bú ọ. Wọn á bi ọ́ pé kí ni wọn ó fi san owó ilé ìwé, o ò sì ní rí èsì tó dára fún wọn, torí kò sí. Wọ́n lè gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ kí o tó jókòó gbóná níbẹ̀. Wọ́n gba àyè tèmi náà lọ́wọ́ mi, mi ò kú. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, ó sì sàn kó bá ọ ní Tré láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́ ju kó bá ọ nídìí ibùsùn ọmọ ẹlòmíràn lọ.

Inú ń bí mi sí ọ. Mi ò fẹ́ kí o ka ìwé yìí kí o rò pé ìyá rẹ ti dárí jì ọ́ nítorí pé ó pè ọ́ ní ọmọ òun. Mo pè ọ́ ní ọmọ mi nítorí pé ọmọ mi ni ọ́. Ti ìdáríjì, ó wà lọ́wọ́ rẹ, ó wà nínú àwọn àpò wọ̀nyẹn.

Bí o bá ti sin wọ́n, má pè mí, má kọ̀wé. Ṣáà wá sílé pẹ̀lú Mọnikà, n ó ti mọ̀.

Bí o ò bá sì sin wọ́n, kò burú. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí mi sí, n ó wá sí Arigbo lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á fún àwọn èrò. N ó gbé àpótí mi, n ó jókòó síwájú àtẹ yín kí èrò kankan tó dé. Bí mo bá rí sàsẹ́ tó ní orúkọ mi lára, èmi ni n ó kọ́kọ́ rà á. N ó ya á lójú rẹ, n ó mú èyí tó funfun jù nínú rẹ̀, n ó sì gbé e sẹ́nu. O ní ojú mi kò ríran mọ́, nítorí náà ìwọ ni kí o bá mi wò ó. Bí ó bá jẹ́ ṣúgà, jẹ́ kí n jẹ ẹ́. Bí kì í bá ṣe ṣúgà, o mọ bí a ti ń fi ìka yọ ọ́ lẹ́nu èèyàn.

Èmi ni, tí orúkọ rẹ ṣì wà nínú orúkọ mi,

Ìyá Rósà